Apá Mi Kò Ká A

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè wa tí ó yẹ kí ìwọ òǹkàwé mi dúró wò dáadáa kí o tó kọjá lára rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ni bárakú. Nígbà tí àwọn àgbà bá rí i pé ìwà kan tàbí àìsàn kan ti wọ ènìyàn lára, tí kò sì fẹ́ jáde mọ́, wọn a ní ó ti di bárakú. Ohun tí yóò bá ara gbé títí di ọjọ́ ikú ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó mu ọtí ní ọjọ́ ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò tíì ní bárakú. Ẹni tí ó ní in ni ẹni tí ó ti pinnu tọkàntọkàn ní òwúrọ̀ pé òun kò ní mu ún mọ́, tí ó sì tún bá ara rẹ̀ nídìí ìgò kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jùmọ̀ gbé yẹ̀ wò ni èyí: kí ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò kọ́kọ́ ṣe kí ó tó lè bọ́? Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò dáhùn kíákíá pé kí ó ṣe ọkàn akin, kí ó sì lé ọtí náà lọ. Ìdáhùn yìí bá ẹ̀kọ́ ilé wa mu. Láti kékeré ni a ti ń kọ́ ọmọ pé ọ̀lẹ ní í sọ pé apá òun kò ká iṣẹ́, àti pé akíkanjú kì í jẹ́wọ́ pé ohun kan ju òun lọ. Ẹ̀kọ́ rere ni, ó sì ti sọ ọ̀pọ̀ ọmọ di ènìyàn. Síbẹ̀, èmi yóò gbìyànjú láti fi hàn ọ́ pé nínú ọ̀ràn bárakú, ẹni tí ó ń tẹnu mọ́ ọn pé apá òun ká a ni kò tíì bẹ̀rẹ̀ ìrìn-àjò, àti pé ẹni tí ó bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé, "Apá mi kò ká a," ni ó ti gbé ẹsẹ̀ kìn-ín-ní.

Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Kò sí ẹni tí ó jí ní ọjọ́ kan tí ó ní, "Láti òní lọ, èmi yóò di ẹrú ọtí." Ní ìbẹ̀rẹ̀, ife kan a máa mú ara yá, a sì máa lé ìtìjú lọ lójú onítìjú. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, ọtí a mọ́ ara lára tó bẹ́ẹ̀ tí ife kan kò fi ní tó mọ́. A di méjì, a di ìgò kan. Lẹ́yìn èyí, bí ọ̀mùtí náà kò bá rí i mu, ọwọ́ rẹ̀ a máa gbọ̀n, òógùn a máa bò ó, oorun a sì dá lójú rẹ̀. Ohun tí ó ń mu nígbà kan rí fún ìgbádùn ni ó wá ń mu nísinsìnyí kí ara rẹ̀ lè balẹ̀ lásán.

Ṣùgbọ́n ara nìkan kọ́ ni ọtí ń mú lẹ́rú. Ọkàn pẹ̀lú a di agbẹjọ́rò fún un. Bí inú bá bí i, ọkàn a ní, "Mu díẹ̀ kí o fi gbàgbé." Bí inú rẹ̀ bá dùn, ọkàn a ní, "Mu díẹ̀ kí o fi ṣe àjọyọ̀." Bí aya bá sunkún, ọkàn a ní, "Ọ̀la ni o ó jáwọ́." Wò ó dáadáa, ìwọ òǹkàwé mi: ọkàn tí a ní kí ó jáde lọ bá ọ̀tá jà ni ọ̀tá ti rà. Bí olè bá ti bá ọlọ́dẹ dọ́rẹ̀ẹ́, kí ni àgádágodo yóò ṣe? Ìdí nìyí tí ìpinnu nìkan kì í fi í sábà tó. Ìdí nìyí, pẹ̀lú, tí irọ́ tí ó wọ́pọ̀ jù lọ lẹ́nu ẹni tí bárakú mú fi jẹ́ èyí: "Bí mo bá fẹ́, mo lè fi í sílẹ̀ nígbàkígbà."

Kí ọ̀rọ̀ yìí má baà dà bí àlá lójú rẹ, jẹ́ kí a wo ìtàn àwọn ọkùnrin méjì kan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, nítorí pé láti ọ̀dọ̀ wọn ni ìjẹ́wọ́ tí mo ń sọ yìí ti di ọ̀nà tí àìmọye ọ̀mùtí ń tọ̀ káàkiri ayé.

Ọ̀kan nínú wọn ni Bill Wilson, tí a bí ní ìpínlẹ̀ Vermont ní ọdún 1895. Ìgbà tí ó wà nínú iṣẹ́ ológun ní ọdún 1917 ni ọtí bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́ lára. Nígbà tí ogun parí, ó di ẹni tí ń rí owó gidi nídìí òwò ìpín ilé-iṣẹ́ ní Wall Street ní ìlú New York, ṣùgbọ́n ọtí kò jẹ́ kí owó náà pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Má ṣe rò pé ọkùnrin yìí kò fẹ́ jáwọ́. Ó ṣèlérí fún Lois aya rẹ̀. Ó mú Bíbélì ìdílé wọn, ó sì kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé òun kò ní mu ọtí mọ́. Ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kọ, ó sì tún mu ọtí lẹ́yìn gbogbo rẹ̀. Kì í ṣe irọ́ ni ó ń pa nígbà tí ó ń kọ ọ́. Òtítọ́ ni ìpinnu rẹ̀. Okùn tí ó fi dè é ni kò yi. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1934, ó wọ ilé-ìwòsàn fún ìgbà ìkẹyìn nítorí ọtí. Níbẹ̀ ni ó ti gbà pé òun ti pàdánù ìjà náà, tí ó sì ké pe Ọlọ́run. Láti ìgbà náà kò tún fi ẹnu kan ọtí títí ó fi kú ní ọdún 1971.

Ẹnì kejì ni Robert Smith, dókítà oníṣẹ́ abẹ ní ìlú Akron ní ìpínlẹ̀ Ohio, tí àwọn ènìyàn wá mọ̀ sí Dókítà Bob. Ọ̀mọ̀wé ni. Ó mọ ohun tí ọtí ń ṣe fún ẹ̀dọ̀ àti ọpọlọ ju bí èmi àti ìwọ ti mọ̀ ọ́n lọ, síbẹ̀ ìmọ̀ kò gbà á. Láti ọdún 1920 títí di ọdún 1933, òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà ka títa ọtí léèwọ̀. Dókítà Bob rò pé òfin náà yóò gba òun sílẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin gba àwọn dókítà láyè láti fi ọtí ṣe ìtọ́jú, ọ̀nà kò sì pẹ́ là fún un láti máa rí tirẹ̀ mu. Ìwé kò gbà á, òfin kò gbà á, ìtìjú kò sì gbà á.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1935, òwò kan gbé Bill lọ sí Akron. Òwò náà dàrú. Ó ku òun nìkan ní hòtẹ́ẹ̀lì, owó díẹ̀ ni ó ṣẹ́ kù lápò rẹ̀, ó sì ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn tí ń mutí ní ìhà kejì gbọ̀ngàn. Òùngbẹ ọtí dìde nínú rẹ̀. Ìwọ kíyè sí ohun tí ó ṣe. Kò dúró síbẹ̀ láti fi agbára rẹ̀ yangàn. Ó lọ sídìí tẹlifóònù, ó wo orúkọ àwọn ìjọ ìlú náà, ó sì ń wá ẹni tí yóò mú òun dé ọ̀dọ̀ ọ̀mùtí mìíràn. Ó ti mọ̀ pé bí òun bá dá dúró, òun yóò ṣubú. Báyìí ni ó ṣe pàdé Dókítà Bob ní ọjọ́ kejì, tí í ṣe ọjọ́ 12 oṣù náà.

Dókítà Bob ti pinnu pé ìṣẹ́jú 15 péré ni òun yóò fi gbọ́ ọ̀rọ̀ àlejò náà, nítorí pé ìwàásù ti sú u. Wákàtí tí ó ju márùn-ún lọ ni wọ́n fi jókòó. Kí ni ó fa èyí? Láti ìgbà tí Bill ti jáwọ́ ni ó ti ń wàásù fún àwọn ọ̀mùtí New York, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tí ó yí padà. Dókítà tí ó tọ́jú rẹ̀ ni ó kìlọ̀ fún un pé kí ó dín ìwàásù kù. Nítorí náà, ní Akron, ìtàn ìṣubú ara rẹ̀ ni ó sọ. Ẹni tí ó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Dókítà Bob gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tí ọtí ti nà bí ó ti na òun, òun náà sì tú ọkàn rẹ̀ sílẹ̀.

Láti inú ìjókòó yìí ni ẹgbẹ́ tí a ń pè ní Alcoholics Anonymous ti jáde, èyí ni ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mùtí tí kì í tú orúkọ ara wọn síta. Nígbà tí wọ́n tẹ ìwé wọn ní ọdún 1939, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju ọgọ́rùn-ún lọ. Lónìí wọ́n wà ní orílẹ̀-èdè tí ó ju 150 lọ. Wọ́n ka ìgbésẹ̀ 12 tí ẹni tí ó fẹ́ bọ́ yóò gbé. Wọn kò fi ìpinnu ṣe èkíní, wọn kò fi ìbúra ṣe é, wọn kò sì fi ààwẹ̀ ṣe é. Èkíní ni kí ènìyàn gbà pé apá òun kò ká ọtí mọ́.

Mo mọ̀ pé òǹkàwé tí ó ní làákàyè yóò ti máa bi mí nínú ọkàn rẹ̀ pé, "Bí ọ̀mùtí bá ti sọ pé apá òun kò ká ọtí, ṣé kò ti rí àwáwí tí yóò máa fi mu ún lọ? Ta ni yóò tún bá a wí?" Ìbéèrè rere ni èyí. Fojú inú wo àgbẹ̀ méjì tí iná ọ̀gbẹlẹ̀ ń jó oko wọn. Ẹnì kìn-ín-ní jókòó sábẹ́ igi, ó ní, "Iná yìí ju agbára mi lọ." Ẹnì kejì sáré lọ sí abúlé, ó ń ké pé, "Ẹ gbà mí o! Iná yìí ju agbára mi lọ!" Ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì sọ, òtítọ́ sì ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ọ̀kan sọ ọ́ kí ó lè jókòó, èkejì sọ ọ́ kí ó lè rí ìrànlọ́wọ́. Ta ni yóò pe ẹnì kejì ní ọ̀lẹ?

Jẹ́ kí a tún wọ inú ọ̀rọ̀ náà síwájú sí i. Kí ni ohun náà gan-an tí apá ọ̀mùtí kò ká? Lẹ́yìn tí ó bá ti gbé ife kìn-ín-ní mì, kò lè sọ iye tí yóò tẹ̀ lé e. Ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ parí sí. Ṣùgbọ́n kí ó tó dé ìdí ife kìn-ín-ní, ọ̀pọ̀ nǹkan ṣì wà tí ó lè ṣe. Ó lè gba ọ̀nà mìíràn lọ sílé. Ó lè kó ìgò kúrò nílé. Ó lè pe ọ̀rẹ́. Ó lè tọ dókítà lọ. Ìjẹ́wọ́, nígbà náà, kò gba iṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń gbé iṣẹ́ náà kúrò ní ibi tí agbára rẹ̀ kò dé, lọ sí ibi tí ó dé. Ẹni tí ó ń purọ́ fún ara rẹ̀ pé òun lè mu ife kan kí òun sì dúró kò ní gba ọ̀nà mìíràn lọ sílé láéláé, nítorí kò rí ìdí kan tí òun yóò fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìjẹ́wọ́ kò sì pa gbèsè rẹ́. Nínú ìgbésẹ̀ 12 náà, ó wà níbẹ̀ pé kí ènìyàn ka gbogbo àwọn tí ó ti ṣẹ̀, kí ó sì lọ tún ohun tí ó bàjẹ́ ṣe níbi tí ó bá ti ṣeé ṣe láìpa ẹlòmíràn lára. Owó ilé-ìwé ọmọ tí ó fi mutí ṣì jẹ́ gbèsè lọ́rùn rẹ̀. Nípa èyí ni ìwọ yóò fi mọ ìjẹ́wọ́ òtítọ́ yàtọ̀ sí àwáwí: àwáwí a máa fẹ́ kí a gbàgbé, ìjẹ́wọ́ a máa fẹ́ san án.

Má ṣe rò, pẹ̀lú, pé ẹni tí ó bá jẹ́wọ́ lónìí kò ní kọsẹ̀ lọ́la. Kò pẹ́ lẹ́yìn tí àwọn ọkùnrin méjì wọ̀nyí pàdé tí Dókítà Bob lọ sí ìpàdé àwọn dókítà ní Atlantic City, tí ó sì mutí yó títí ó fi padà sílé. Aya rẹ̀ àti Bill tọ́jú rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà ọdún 1935 ni ẹgbẹ́ wọn gbà pé ó mu ọtí ìkẹyìn, ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n sì ń pè ní ọjọ́ ìdásílẹ̀ ẹgbẹ́. Ó gbé ọdún 15 lẹ́yìn rẹ̀ láìfẹnu kan ọtí, ó sì kú ní ọdún 1950. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹni tí ó wo ẹ̀yìn tí ó rí ibi tí ó ti kọsẹ̀ ti jèrè nínú ìṣubú rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kan tún wà nínú ayé Bill tí kò dùn ún sọ. Ọkùnrin tí ó jẹ́wọ́ nípa ọtí yìí mu sìgá ní àmujù fún ọ̀pọ̀ ọdún, àrùn ẹ̀dọ̀fóró ni ó sì gbẹ̀mí rẹ̀. Èyí kò ba iṣẹ́ rere tí ó ṣe jẹ́. Ó kàn ń fi yé wa pé bárakú kọ̀ọ̀kan ni a óò pè ní orúkọ tirẹ̀, àti pé ìjẹ́wọ́ ti ọ̀kan kò tó fún èkejì.

Ǹjẹ́ a ní ẹ̀rí kankan pé ọ̀nà yìí ń ṣiṣẹ́? Ní ọdún 1956, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ilẹ̀ Amẹ́ríkà kéde pé àìsàn ni bárakú ọtí, ó sì tọ́ kí ilé-ìwòsàn gba ẹni tí ó ní in. Ní ọdún 2020, àwọn onímọ̀ kó ìwádìí 27 jọ, èyí tí ó kan ènìyàn tí ó ju 10,000 lọ. Wọ́n rí i pé ìtọ́jú tí ń mú ènìyàn wọ ẹgbẹ́ yìí ń ran àwọn ọ̀mùtí lọ́wọ́ láti jáwọ́ pátápátá tó àwọn ìtọ́jú mìíràn, tí ó bá jẹ́ ti ọ̀nà tí a là sílẹ̀ dáadáa, ó tilẹ̀ ń ṣe jù wọ́n lọ. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó bá lára mu, kò sì gba ipò dókítà. Ẹni tí ọtí líle ti mọ́ lára fún ìgbà pípẹ́ kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì ní òun nìkan, nítorí gìrì lè mú un, ó sì lè kú. Dókítà ni yóò bójú tó o. Lílọ sọ́dọ̀ dókítà pàápàá, ìjẹ́wọ́ ni.

Nísinsìnyí, jẹ́ kí a padà sílé. Ìwádìí kan tí a ṣe nípa egbògi olóró ní ilẹ̀ Nàìjíríà ní ọdún 2018 fi hàn pé nǹkan bíi 14.3 mílíọ̀nù ènìyàn, láti ẹni ọdún 15 títí dé ẹni ọdún 64, ni ó lo irú egbògi bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún kan, láìka ọtí àti tábà mọ́ ọn. Nínú ẹni márùn-ún tí ó lò ó, ẹnì kan ti ní ìṣòro tí egbògi náà dá sí i lára. Apá ìwọ̀-oòrùn gúúsù, níbi tí ìran Yorùbá pọ̀ sí, ni iye náà ti ga jù lọ. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí kì í ṣe àjèjì. Ọmọ ẹnìkan ni wọ́n, ọkọ ẹnìkan, akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé kan.

Kí ni a sábà máa ń ṣe nígbà tí ó bá ṣẹlẹ̀ nínú ilé wa? A ń bò ó mọ́lẹ̀. A ní ayé ń ṣe ọmọ náà ni. A ń bẹ̀rù ohun tí ará àdúgbò yóò sọ. Èyí ni ó mú kí ìjẹ́wọ́ ṣòro: ẹni tí ó ń rì rí i pé àwọn tí ó dúró ní bèbè odò ń wá òkúta. Bí a bá fẹ́ kí ènìyàn lè sọ pé apá òun kò ká a, a gbọ́dọ̀ kọ́ etí wa bí a ṣe ń gbọ́ ọ. Ìlú Abẹ́òkúta ti fi irú èyí hàn wá rí. Nígbà tí Dókítà Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé-ìwòsàn Aró ní ọdún 1954, ó jẹ́ kí àwọn tí orí wọn dàrú máa gbé pẹ̀lú ìbátan wọn ní àwọn abúlé tí ó yí ilé-ìwòsàn náà ká, kí wọ́n sì máa wá gba ìtọ́jú. Ó mọ̀ pé àárín ènìyàn ni ènìyàn ti ń san. Lónìí, ilé-ìwòsàn kan náà ní ẹ̀ka tí ń tọ́jú àwọn tí egbògi olóró ti di bárakú sí lára.

Síbẹ̀, bí ó ti wù kí a fẹ́ràn ẹni kan tó, a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Ìyá kò lè bá ọmọ jẹ́wọ́, aya kò lè bá ọkọ jẹ́wọ́, olùkọ́ kò sì lè fi pàṣán fa ìjẹ́wọ́ jáde lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́. A lè kọ̀ láti bá a purọ́. A lè kọ̀ láti fún un lówó tí yóò fi ra a. A lè ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò gba ẹnu ọ̀nà wọlé.

Ìwọ òǹkàwé mi, bóyá kò sí bárakú kankan lára rẹ, kí Ọlọ́run jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀ títí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan lè dé tí ọ̀rẹ́ rẹ yóò fà ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí yóò sì sọ ọ̀rọ̀ márùn-ún yìí fún ọ pé, "Apá mi kò ká a." Má ṣe rẹ́rìn-ín, má sì ṣe bẹ̀rẹ̀ ìwàásù. Jókòó tì í kí o gbọ́ ọ tán. Lẹ́yìn náà, dìde kí o bá a rìn lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó lè ràn án lọ́wọ́. Bí ó bá sì jẹ́ pé ìwọ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí, má dúró di ọ̀la kí o tó sọ ọ́. Wá ẹnì kan tí o fọkàn tán lónìí, kí o sì sọ ọ́ fún un.